Bí Mo Ṣe Ti Òkè-Ìdẹ̀ra Pa

Ní àdúgbò Òkè-Ìdẹ̀ra, nílùú Ẹdẹ, ọkùnrin kan wà tó gbà pé ọjọ́ tí òun bá dákẹ́, oòrùn ò ní mọ ibi tó máa gbà wọ̀. Alága Ràṣídì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ ní Alága níjọ́ kẹjọ o. Ipò ni: Alága Ẹgbẹ́ Onílé Òkè-Ìdẹ̀ra, aláṣẹ lórí ilé mẹ́tàléláàádọ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì méjì, mọ́ṣáláṣí mẹ́ta àti tíránsífọ́mà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá pè é ní Ràṣídì lásán, kò ní dá yín lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, tó ti ń pè é ní Bàbá Usamah láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó di dandan kó yí ẹnu padà. "Alága, oúnjẹ yín ti ń tutù."

Ẹ rẹ́rìn-ín o, ẹ má ṣojú àánú. Èmi ni Alága náà. Ojú ló ń tì mí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ara mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará ọ̀nà, ó sì rọrùn fún ènìyàn láti fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ ju kó fi ara rẹ̀ ṣe é lọ. Bí ẹ bá sì ń rò ó pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi, láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lójú mi. Kò sí èyí tí wọ́n fi pamọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Alága fi jókòó ti fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Òṣogbo. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó bi í pé kí lo rí sí i. Nígbà tó fẹ̀yìntì tó sì di alága, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì láti ìgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà jáde. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n ṣí ìpàdé pẹ̀lú àdúà, Alága á gba àdúà náà ṣe, á sì fi ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kún un.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ̀fọ́ oníẹ̀fọ́ káàkiri, Alága sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí Wasáàpù ẹgbẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún gbáko. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, ó ní: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ewúrẹ́ tí kò ní okùn lọ́rùn, bí ìlú tí kò ní olórí ni. Ṣùgbọ́n àwa ní olórí. Ta ni olórí náà? Ẹ wò mí." Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, àna fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ọlọ́kadà ní oríta Sékọ̀nà ti ń fi kí ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba èrò mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ á gbá àyà, á ní, "Ta ni olórí? Ẹ wò mí."

Alága gbọ́ ọ, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ṣé ó wá sọ pé ojú ń ti òun? Rárá o. Alága kì í ní ìtìjú, ọ̀rọ̀ ààbò ló máa ń ní. Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, nínú kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ti ń ṣèpàdé, tí àwọn àgbàlagbà ká eékún jọ sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, ó dìde lórí àga onítìmùtìmù tó gbé wá láti ilé.

"Ètò ààbò wa ti mẹ́hẹ," ló wí. "Àṣírí Òkè-Ìdẹ̀ra ti di ohun tí wọ́n ń tà lójú títì. Wasáàpù tí ẹ ń wò yìí, gbàgede ni. Ẹni tó ń kọjá ń gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wádìí. Mo ti tọ pinpin. Mo ti ṣàìsùn nítorí yín. Áàpù tuntun kan wà tó ní àwòrán àgádágodo lójú. Kì í fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni hàn. Kì í bèèrè orúkọ. Bí a bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ náà á pòórá. Àwọn tó ṣe é gan-an ò lè kà á."

Bùkọ́lá, tíṣà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, na ọwọ́ sókè. "Alága, ẹ ṣeun. Wasáàpù náà ń ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù kan dé èkejì. Ẹni tó mú ohùn yín jáde kì í ṣe ará ìta, ọ̀kan nínú àwa tá a jókòó síbí ni. Áàpù wo ló fẹ́ di ẹnu ọmọ ènìyàn? Ẹ sì wo àwọn tó ń lọ sóko nílùú Ara láàárọ̀, tí nẹ́tíwọ̀kì kì í sí níbẹ̀. Kí wọ́n tó délé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá."

"Ìwọ Tíṣà, ọmọdé lo ń kọ́. Àgbà ni èmi ń darí."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bàbá Ìyàndá ńkọ́? Àwọn ni ọdẹ tó ń ṣọ́ wa, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Kò lè gba áàpù kankan."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iṣẹ́ ọdẹ ni láti ṣọ́. Kì í ṣe láti gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnu yìí ló ti jáde, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ni Oyèwọlé, igbákejì alága, tó ń ta wáyà àti gílóòbù, tó sì ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Sékọ̀nà. Bí Alága bá sín, Oyèwọlé á ní kí àwọn ènìyàn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ eléruku. "Alága wa, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó wà lórí igi ló ń rí ẹ̀yìn odi. Bí ẹ bá ní ká máa súfèé sí ara wa, a ó máa súfèé." Alága wo ìdọ̀bálẹ̀ náà, orí rẹ̀ wú. N kò mọ̀ pé ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ gbẹ́ ni.

Bí a ṣe kó lọ sórí áàpù náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ òyìnbó rẹ̀, Àgádágodo la ń pè é. Nítorí pé kò fi nọ́ńbà hàn, Alága fún oníkálukú ní orúkọ ẹranko, ó kọ ọ́ sínú ìwé kan tó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Òun ni Àjànàkú. Oyèwọlé ni Ẹkùn. Kò pẹ́ tí orúkọ ẹranko fi tán, nítorí náà a ní Ìgbín Kìíní títí dé Ìgbín Kẹsàn-án, a sì ní ẹtu mẹ́rin.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìgbín Kejì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá òun yọ̀, ìyàwó òun ti bí ọkùnrin làǹtì-lanti. Kí àwọn ènìyàn tó bi ara wọn pé ta ni Ìgbín Kejì, ọ̀rọ̀ ti pòórá. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bá fi orí rò ó, wọ́n gbé ọṣẹ, ìpara àti páńpáàsì ọmọ lọ sílé bàbá kan tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn. Màmá náà ò bèèrè ohunkóhun. Ó gba ọṣẹ, ó gba ìpara, ó ṣàdúà fún wọn pé wọn ò ní fi ṣe àṣemọ. Bàbá ọmọ gan-an jókòó sílé pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì méjì, kò rí ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn ò dun Alága. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ń pòórá. Á kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú tó gùn bí ọ̀nà Ìwó, á jókòó tì í, á máa kà á fúnra rẹ̀, á máa mi orí. Tó bá di ìṣẹ́jú kẹwàá, ojú fóònù á mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ń dùn ún bí ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. Ó wá ronú pé wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé. Orúkọ ìwé náà ni *Ọ̀rọ̀ Ìjìnlẹ̀ Àjànàkú*. Oyèwọlé ní òun ni òun máa ṣe olùfilọ́lẹ̀ àgbà.

Alága gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ Samuel, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí géètì Pọ́lì, tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Bàbá, mo lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi," ni Samuel wí. "Ẹ kàn máa gbé fóònù yín kọjú sí àwòrán onígun mẹ́rin yìí ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń wọlé ni ẹ̀rọ á máa tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe tiyín nìkan. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sí yín ló máa wọlé síbí."

"Samuel, Àgádágodo kò ṣeé jí. Àwọn tó ṣe é gan-an ò lè kà á."

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí i, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ń kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún mi."

"Pè mí ní Alága."

Samuel pè é ní Alága, ó sì so ó. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ń tẹ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, lọ́sàn-án. Gbogbo ọjọ́bọ̀ ni Alága ń wá yan èyí tó máa wọ inú ìwé. Bí lẹ́tà bá kéré jù, á dá a padà pé kí wọ́n tún un tẹ̀. Ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, kò tilẹ̀ kà á. Nígbà tí Samuel bi í pé kí ni kí òun ṣe sí páálí ìwé tó ti kún, Alága ní, "Tèmi nìkan ni ọ̀rọ̀. Ìyókù, pàǹtí ni. Fún ẹni tó bá fẹ́."

Ẹni tó fẹ́ ni Ìyá Ìrètí, alákàrà tó ń dín lẹ́nu ọ̀nà Òkè-Ìdẹ̀ra. Ọ̀dọ̀ Samuel ló ti máa ń gba bébà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bà jẹ́, ó fi ń pọ́n àkàrà. Ó gbé páálí náà lérí, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ilẹ̀ mọ́ bá Òkè-Ìdẹ̀ra, kò sí iná. Wọ́n ti gé wáyà ńlá tíránsífọ́mà lọ. Fíríìsà Sàdíátù kún fún ẹja. Opó ni Sàdíátù, ó ń ta ẹja yìnyín, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Labeebah, ló ń gbé ilé kékeré tó fẹ̀yìn ti ilé Oyèwọlé. Ọjọ́ kejì ni ẹja ti ń rùn. Ọjọ́ kẹta ni Sàdíátù wá sílé Alága.

"Alága, ẹ kú ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa wáyà yẹn. Ẹnu sí etí ni."

"Dákẹ́, Sàdíátù. Ògiri létí. Lọ kọ ọ́ sórí Àgádágodo."

"Ẹ dákun, kí n rìn débí, kí n tún padà sílé lọ kọ ọ́? Kò pọ̀. Ó sì ń bà mí lẹ́rù, n kò fẹ́ kó wà nínú fóònù."

"Nítorí pé ó ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an ni. Mi ò lè tẹ òfin tí mo ṣe lójú."

Ó ń fi ìka lọ́ etí ìborùn rẹ̀. "Ṣé ẹ ṣèlérí pé orúkọ mi ò ní jáde? Èmi àti ọmọ mi nìkan la wà nínú ilé yẹn, Alága."

"Ọ̀rọ̀ tó bá wọ ibẹ̀, inú kànga ló bọ́ sí."

Labeebah ló bá ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Alága nìkan. Ó ní: *Alága, ẹ kú àárọ̀. Mọ́tò Oyèwọlé ló gbé wáyà náà ní ìdájí ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Mo gbọ́ tó ní Sékọ̀nà ni wọ́n ń kó o lọ.* Ẹtu Kẹta, orúkọ tí Alága fún Sàdíátù, ló fọwọ́ sí i.

Ìlà mẹ́ta. Alága fi ojú ìwé méjì fèsì. "Ìwọ Ẹtu Kẹta, akíkanjú láàárín àwọn obìnrin, ìwọ tí òkùnkùn yìí ba ọjà rẹ jẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ba ìwà rẹ jẹ́, mo rí ọ, mo gbọ́ ọ, Òkè-Ìdẹ̀ra á gbọ́ nípa rẹ nígbà tó bá yá." Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí Samuel tún un tẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá fún ìwé. Àkọ́kọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré lọ sínú páálí, òun àti ìlà mẹ́ta Sàdíátù.

Níbí yìí, n kò lè sá sẹ́yìn Alága mọ́. Èmi ni mo ka ìlà mẹ́ta yẹn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí Sàdíátù kì í purọ́. Mo rò ó pé kí n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo tún rò ó pé ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé, Oyèwọlé sì ni olùfilọ́lẹ̀ àgbà, ó ti ní kí wọ́n ya àwòrán mi sára aṣọ gbàgàdà tí a fẹ́ fi kọ́ ara ògiri. Mo ní kí n jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá ná. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, ó dùn mí láti sọ ọ́.

Gbogbo ìgbà yìí, àkàrà ti ń tà. Ẹni àkọ́kọ́ tó tú bébà rẹ̀ rí i pé Àjànàkú ń sọ fún Ẹkùn pé ìmáàmù kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí irúgbìn há lọ́nà ọ̀fun. Ẹnìkejì rí i pé Àjànàkú pe ìyàwó pásítọ̀ ní agbọ́mọpọ̀n tí kò lọ́mọ lẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn tí kì í jẹ àkàrà ti ń tò. Wọ́n ń pààrọ̀ ojú ìwé bí ọmọdé ṣe ń pààrọ̀ àwòrán agbábọ́ọ̀lù. "Ìyá Ìrètí, ẹ fún mi ní èyí tí Àjànàkú wà lára rẹ̀." Ìyá Ìrètí, tí kò mọ̀wé, rò pé ọwọ́ òun ti dùn sí i ni, ó fi ata kún un.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Alága. Òun náà ló ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ níta Àgádágodo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ra àkàrà wá fún Oyèwọlé. Ó tú u, ó ka ohun tó wà lábẹ́ òróró, ó ka ìkejì, ó dà wọ́n kọ sínú ìwé mìíràn, kò jẹun mọ́. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ẹtu Kẹta. Ṣùgbọ́n èsì Alága ti sọ fún un pé obìnrin ni, àti pé òkùnkùn ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Obìnrin mẹ́ta péré ló ń fi fíríìsà tajà ní Òkè-Ìdẹ̀ra. Ó wọ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dé ọ̀dọ̀ Sàdíátù. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Sàdíátù, ẹja ti bàjẹ́ tán, àbí?"

"A dúpẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Kò bá ẹ̀mí lọ."

"Mo gbọ́ pé ẹtu pọ̀ ládùúgbò yìí. Ẹran tí ọwọ́ máa ń tètè tẹ̀ ni." Ó wo Labeebah tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. "Kíláàsì wo ni ọmọ yìí wà báyìí?"

Sàdíátù dá a lóhùn pé ó wà ní Jéésì Kejì. Oyèwọlé dìde, ó fi bébà olóróró méjì sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni gbàgbé nǹkan, ó lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin tó kàn. Kí ó tó dé ìkángun òpópó, Sàdíátù ti gbé Labeebah sórí ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ara, pẹ̀lú aṣọ iléèwé nínú ọ̀rá.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ́dọ̀ mi. Kò pariwo. Ó tẹ́ bébà náà sórí eékún mi.

"Alága, ṣé kànga yẹn nìyí?"

Mo mọ ìlà dúdú tí ẹ̀rọ Samuel máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ òsì ìwé. Mo ti rí i ní ọgọ́rùn-ún ojú ìwé tí mo yàn fúnra mi.

"Kò tíì dá a lójú pé èmi ni," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kó dá a lójú. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín."

Nígbà tó lọ, mo mú ìwé orúkọ ẹranko lábẹ́ ìrọ̀rí, mo fi iná sun ún lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ó pè mí ní Bàbá Usamah.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Kíláàsì kún dé ojú fèrèsé. Àwòrán mi wà lára ògiri, ó tóbi ju pátákó ìkọ̀wé lọ. Àwọn ènìyàn ń wò ó, wọ́n ń wo ara wọn, àwọn kan mú àkàrà lọ́wọ́. Wọ́n pe olùfilọ́lẹ̀ àgbà. Oyèwọlé dìde, lọ́jọ́ yìí kò dọ̀bálẹ̀.

"Kí n tó ṣe ìfilọ́lẹ̀, ẹnì kan ń bà mí lórúkọ jẹ́ ládùúgbò yìí. Akọ̀wé, ẹ gba ìwé yìí, ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ wọn. N kò bẹ̀rù, irọ́ ni." Bùkọ́lá ka ìlà mẹ́ta náà àti ìbẹ̀rẹ̀ èsì mi. "Ó yá," ni Oyèwọlé wí, "Alága, ẹ mú ìwé orúkọ wá. Ta ni Ẹtu Kẹta?"

Mo rí Sàdíátù lórí bẹ́ǹṣì kẹta. Ó ń wo ilẹ̀. Mo dìde.

"Èmi ni. Èmi ni Ẹtu Kẹta. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ojú Oyèwọlé ṣú. Àwọn kan gbà mí gbọ́; èmi tí mò ń yin ara mi ní gbangba, ìyanu wo ló wà níbẹ̀ bí mo bá kọ̀wé sí ara mi, tí mo tún fún ara mi lésì pé akíkanjú obìnrin ni mí? Oyèwọlé gba bébà lọ́wọ́ Bùkọ́lá, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í tú sí i lẹ́nu.

"Alága, ìlà mẹ́ta ni."

"Mo mọ̀."

"'Alága, ẹ kú àárọ̀,' ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin? Ìgbà wo lẹ kí wa ní 'ẹ kú àárọ̀' tí oòrùn kò kan àtàrí kẹ́ ẹ tó parí? Ọ̀rọ̀ yìí kúrú jù fún yín, Alága. Kò lè jẹ́ tiyín láéláé."

Ilé rẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nítorí ẹlòmíràn láyé mi, ẹnu mi ti jẹ́rìí takò ó láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo dúró níwájú àwòrán ara mi, mo ń wá ọ̀rọ̀ tó kúrú, n kò rí.

Oyèwọlé ò dúró. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ta ló ń ṣọ́ tíránsífọ́mà? Ìyàndá ni. Ta ló lè gé e tí ajá ò ní gbó? Ìyàndá ni. Òun ló ń wá ẹni tó máa dì í rù. Ẹ mú un ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Ọkùnrin méjì ti di Bàbá Ìyàndá lápá mú. Bàbá náà bọ́ fìlà, ó dì í mú, kò jà.

Sàdíátù dìde.

"Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀. Èmi ni Ẹtu Kẹta. Mọ́tò yín ni, Bọ̀ọ̀dá Oyèwọlé. Mo rí yín tí ẹ ń wà á."

Ó jókòó. Kò fi nǹkan kan kún un. Bàbá Ìyàndá náà wá la ẹnu, ohùn rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. "Èmi náà rí i. Mo dé ilé Alága ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, mo ní mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ sórí Àgádágodo."

Gbogbo ojú yí sí mi. Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Eyín ni mò ń fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó dé.

Bùkọ́lá ló kó àwọn ènìyàn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bá wáyà wa nílé ìkẹ́rùsí ní Sékọ̀nà, àti ti àdúgbò méjì mìíràn. Ẹjọ́ Oyèwọlé wà ní kóòtù báyìí. Ipò alága tèmi ò dé kóòtù. Orí bẹ́ǹṣì ọmọdé yẹn ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, láàárín ìṣẹ́jú méjì, wọn ò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo gbé àga onítìmùtìmù mi lórí padà sílé. Bùkọ́lá ló di alága. Wọ́n padà sórí Wasáàpù, ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ tó wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gbé e lọ bá ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún.

Iná ti dé. Fíríìsà Sàdíátù ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n Oyèwọlé ṣì ń gbé ilé tó fẹ̀yìn ti ilé Sàdíátù, Labeebah ò sì tíì padà wálé. Ara ló ti ń lọ síléèwé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìyá rẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀bù, tó ń lọ wò ó. Mo ti lọ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ó ti tán. Ó ní kí n máa wá ra ẹja.

Mo sì ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin àdúgbò máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ràn. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ìkángun òpópó. Bí mo bá ti yọ, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á fún mi láàyè. Sàdíátù á wọn ẹja fún mi, á yan èyí tó tóbi, á ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Bàbá Usamah. Màá sọ pé o ṣeun, màá dúró díẹ̀, bóyá ẹnì kan máa sọ nǹkan. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Wọ́n á dúró títí n ó fi yí kọ́nà, kí wọ́n tó máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.